Òsì Ni Mátíróònù Fi Gún Mi

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ òwe yìí rí. Ẹ jẹ́ kí n fi adìẹ náà hàn yín: èmi ni. Abẹ́rẹ́ ni mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi bá yí. Mo sè é, mo pọ́n ọn, mo kó o, mo sun ún. Síbẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ kí n sáré lónìí, pẹ̀lú orúnkún mi tó ń ké yìí, ẹ kàn kọ ẹnu abẹ́rẹ́ sí mi.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń gbé Tanke ní Ìlọrin níbí, tí ẹ ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ kàwé, tí ẹ sì ń bi ara yín pé irú iṣẹ́ wo ni ọkàn yín lè gbà, ẹ súnmọ́ mi díẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kí ẹ má ṣe iṣẹ́ tó ń bà yín lẹ́rù, ẹ rán an sí mi.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Mo ka ìwé mẹ́fà, mo kéwú díẹ̀, ọ̀rẹ́ bàbá mi kan ní Gàmbàrí sì mọ ẹnì kan ní ọsibítù ìjọba. Wọ́n ní kí n wá máa ṣe iṣẹ́ wọ́ọ̀dù. Owó oṣù náà kò pa mí, kò sì sọ mí di Àlàájì. Ó tán.

Ohun tó gùn ni Bàbá Ràímì. Àwọn ni olórí yàrá tí a ti ń se abẹ́rẹ́, abẹ́ wọn ni wọ́n sì fi mí sí. Nígbà yẹn, abẹ́rẹ́ kì í ṣe ohun àlòsọnù. Gíláàsì ni síríńjì, irin ni abẹ́rẹ́ orí rẹ̀. Bí àwọn nọ́ọ̀sì bá lò ó tán, wọn á kó o padà wá fún wa nínú tíréè, a ó fọ̀ ọ́, a ó sè é nínú ìkòkò irin, a ó tún dá a padà. Abẹ́rẹ́ kan lè gún gbogbo àdúgbò kí ó tó fẹ̀yìn tì.

Bí ó bá kú, a ó pọ́n ọn lórí òkúta. Ibẹ̀ ni wàhálà mi wà. Bí mo bá pọ́n abẹ́rẹ́ tán, Bàbá Ràímì á mú òwú, wọn á fa abẹ́rẹ́ náà kọjá nínú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ó bá fa òwú kan ṣoṣo jáde, ó ti bà jẹ́ nìyẹn, mo máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

"Ó mú òwú," wọn á wí. "Ohun tó mú òwú, á mú ẹran."

"Bàbá, òwú kékeré ni."

"Ṣé ìdí ìyá rẹ lo máa fi gún?"

"Rárá, sà."

"Ìdí ìyá ẹnì kan ni. Pọ́n ọn."

Wọn kì í nà wá, wọn kì í pariwo. Wọ́n kàn ń dá iṣẹ́ padà ni, títí ojú á fi máa ti òkúta. Wọ́n tún ní òfin kan: ẹni tó bá mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ kò ní ẹbí. Bí ẹ kí i, kò gbọdọ̀ dáhùn. Ìyá mi wá kí mi lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó kí mi títí, mo dákẹ́. Ó délé, ó sọ fún bàbá mi pé ọsibítù ti gba ọmọ òun.

Ẹ gbọ́ ti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rán mi gbé tíréè lọ sí wọ́ọ̀dù. Mo dúró, mo ń wo nọ́ọ̀sì bó ṣe ń gún bàbá kan ní apá. Ohun tí mo rántí gbẹ̀yìn ni pé àjà ilé ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀. Nígbà tí mo lajú, orí ibùsùn ni mo wà, bàbá tí wọ́n gún ni ó sì ń fi fìlà hùlà rẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí mi lójú.

Bàbá Ràímì wá mú mi. "Jímọ̀, ta ni wọ́n gún?"

"Bàbá yẹn ni, sà."

"Ta ló ṣubú?"

"Èmi ni."

Wọ́n mi orí. Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ yìí máa bá ọ lára mu. Ẹni tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ kì í fi í ṣeré."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo kọ́. Ìyókù, sísè àti pípọ́n ni.

Nígbà tó yá, oníke dé. Inú ọ̀rá ló ti ń wá, ẹ lò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ ọ́ nù. Bàbá Ràímì wò ó, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn. "Ẹ̀ẹ̀kan péré? Ṣé ó ṣẹ̀ yín ni?" Kò pẹ́ tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbé òkúta ìpọ́nrin wọn lọ sílé, ọ̀bẹ ìyàwó wọn ló sì jẹ àǹfààní rẹ̀ títí wọ́n fi lọ bá Ọlọ́run wọn.

Oníke dára. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àìsàn tí abẹ́rẹ́ àlòtúnlò ń gbé láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn dínkù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà: abẹ́rẹ́ ti àtijọ́ máa ń padà sílé, nítorí a fẹ́ tún un lò. Ti oníke kò ní ilé. Ibi tí ọwọ́ bá jù ú sí ni. Ó wà nínú garawa, ó wà lórí fèrèsé, ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Nítorí ìmọ́tótó, àwọn nọ́ọ̀sì máa ń dá fìlà ike rẹ̀ padà sí i lórí lẹ́yìn tí wọ́n bá lò ó tán, bí ẹni dé ìgò. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, fìlà lọ sí Ọ̀ffà, abẹ́rẹ́ wọ ìka. Wọn á pòṣé, wọn á fọ ọwọ́, wọn á máa báṣẹ́ lọ. "Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni," wọn á ní. Wọ́n fún wa ní páálí yẹ́lò tí a ó máa ju abẹ́rẹ́ sí. Ó ran wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìdí ògiri ni páálí wà, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni aláìsàn wà. Láàárín àwọn méjèèjì, ohun púpọ̀ lè ṣẹlẹ̀.

Ara mi ló ṣẹlẹ̀ sí.

Lásìkò yẹn, iṣẹ́ mi ni láti kó ìdọ̀tí àti aṣọ ibùsùn kúrò ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Mátíróònù Àwáwù ló ń ṣe olórí ibẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ọmọ ilé kéwú ní àárín ìlú. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ó jù mí lọ lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà àwa méjèèjì ni à ń bọ̀wọ̀ fúnra wa. Ó di ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo ń kánjú kí n lè bá wọn kírun. Mo ká aṣọ ibùsùn jọ, mo gbá a mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Ohun kan ta mí ní àtẹ́lẹwọ́.

Mo ti máa ń rò pé ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ bá gún mi, ariwo mi á dé Fate. N kò pariwo. Mo rọra jókòó sílẹ̀, mo ń wo abẹ́rẹ́ náà níbi tó dúró sí lọ́wọ́ mi, bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

Mátíróònù fúnra rẹ̀ ló fà mí dé ẹnu ẹ̀rọ omi. "Ẹ má fún ojú ọgbẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí omi ṣàn án. Búọ̀dá Jímọ̀, ẹ mí. Ẹ ò tíì kú."

"Ta ni wọ́n fi gún?" mo bi í.

 Kò sẹ́ni tó mọ̀. Gbogbo ibùsùn ló ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn kan níbẹ̀ ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, àìsàn ẹ̀dọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń kó ràn, ẹnì kan ní éèdì.

Wọ́n fún mi ní oògùn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní wọ́n á tún gbà á lẹ́yìn oṣù díẹ̀ kí ọkàn tó lè balẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn oṣù yẹn kò ṣe é sọ. Bí mo bá yán, mo ní ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí oúnjẹ bá dùn lẹ́nu mi, mo ní oúnjẹ ìdágbére ni. Dókítà ti ṣàlàyé fún mi pé kọ́ọ̀bù kì í kó o ràn, síbẹ̀ n kò jẹ́ kí àwọn ọmọ mi mu omi nínú kọ́ọ̀bù mi. Èyí tó kéré jù nínú wọn rò pé mò ń bá òun jà.

Mo ní babaríga kan, aṣọ ọdún Iléyá, kò sí irú rẹ̀ ní agbo ilé wa. Mo gbé e fún àbúrò mi Sálíù.

Ìyàwó mi ń wò mí. "Bàbá Múrí, ṣé ogún lẹ ti ń pín yẹn?"

"Mò ń ṣe sàráà ni."

"Ẹ máa ṣe é lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá kú, ẹ̀yin lẹ máa wọ ìró mi lọ sí yídì."

Àlùhámúdúlílàhì, èsì jáde, kò sí nǹkan kan lára mi. Mo lọ bá Sálíù, mo ní kó jẹ́ kí n gba aṣọ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ṣe àníyàn sàráà. Àníyàn ti gòkè lọ. Ta ló máa lọ gbà á bọ̀?" Títí di òní, tí a bá ń lọ kírun ọdún, babaríga mi ló máa ń ṣíwájú mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọsibítù ní kí gbogbo wa gba abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gbà á. Mo gba àkọ́kọ́, wọ́n ní láti dì mí mú. Mo gba èkejì, wọ́n tún dì mí mú. Ẹ̀kẹta, mo di ẹni tó níṣẹ́ púpọ̀.

Kò pẹ́ sí i ni obìnrin kan láti ọ́fíìsì gbé páálí abẹ́rẹ́ tuntun wá sí wọ́ọ̀dù. Ó kó gbogbo wa jọ. Abẹ́rẹ́ yìí ní ike kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Bí ẹ bá ti ń fà á jáde lára aláìsàn, ẹ fi àtàǹpàkò ọwọ́ kan náà ti ike yìí síwájú. Á dún ká, á bo ẹnu abẹ́rẹ́. Kò ní lè gún ẹnikẹ́ni mọ́." Ó ṣe é, ó dún ká. Mo sún mọ́ ọn, èmi tí n kì í sún mọ́ ọn. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi kan ibi tí ó bò. Kò gún mi. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

"Ẹ fi oṣù yìí dán an wò," obìnrin náà wí. "Bí wọ́ọ̀dù yín kò bá lò ó, a máa kó o fún ọsibítù tó máa lò ó."

Ó lọ. Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀.

"Ike yìí ń dí mi lójú, mi ò rí ibi tí mò ń gún."

"Oògùn ń ṣẹ́kù sí i nínú."

"Ọjọ́ tí mo ti ń gún abẹ́rẹ́, wọn ò tíì bí ẹni tó ṣe é." Sístà Bọ́sẹ̀ ló sọ ìyẹn. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé ike náà kúrò bí ẹni gé èékánná, ó sì lọ gún aláìsàn rẹ̀.

Gbogbo wọn wá ń wo Mátíróònù. Ó mú ọ̀kan, ó lò ó, ojú rẹ̀ yí padà, ó rọra gbé e sílẹ̀, ó sì mú ti àtijọ́.  Kò nílò kí ó sọ̀rọ̀. Ibi tí Mátíróònù bá kọjú sí, ibẹ̀ ni wọ́ọ̀dù ń gbà. Ọjọ́ ń lọ, páálí tuntun wà nílẹ̀, èrùpẹ̀ ń bò ó. Èmi ń ká aṣọ ibùsùn pẹ̀lú ẹ̀rù, mò ń fi igi ìgbálẹ̀ lù ú kí n tó fọwọ́ kàn án, bí ẹni ń wá ejò.

Mo gbìyànjú, mo gba yàrá àwọn nọ́ọ̀sì lọ. Mo ti to ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu. Mo ṣílẹ̀kùn, mo bá Mátíróònù níbẹ̀ lóun nìkan, abẹ́rẹ́ tuntun lọ́wọ́ rẹ̀, ọsàn kan níwájú rẹ̀, ọsàn náà ti lu bí asẹ́.

"Ẹ wọlé, kí ẹ ti ilẹ̀kùn," ó ní. "Ẹ wò ó."

Ó fi ọ̀tún gún ọsàn. Bó ṣe ń fà á jáde, àtàǹpàkò rẹ̀ ń wá ike náà kiri, kò rí i. Ó ní láti mú ọwọ́ kejì wá bá a ní ẹ̀bá ẹnu abẹ́rẹ́ kó tó lè tì í.

"Ṣé ẹ rí i? Ọ̀tún mi mọ gígún, mo ti fi ọdún kọ́ ọ. Àtàǹpàkò rẹ̀ ni kò gbọ́ èdè tuntun. Bí mo ṣe ń ṣe é yìí léwu ju ti àtijọ́ lọ." Ó pààrọ̀ ọwọ́. Ó fi òsì gún ọsàn, ó fà á, ká. Kò tilẹ̀ wo ọwọ́ náà.

Mo jókòó. "Ọlọ́wọ́ òsì ni yín."

"Ìyá mi mọ̀. Olùkọ́ mi nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì náà mọ̀. Báńdéèjì ló fi dì í mọ́ mi lẹ́yìn títí ọ̀tún fi kọ́ṣẹ́. Ó ní, 'Àwáwù, Ìlọrin lo ti máa ṣiṣẹ́. Àgbàlagbà wo lo máa na òsì sí?'"

Mi ò lè bá olùkọ́ yẹn jiyàn. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, kí a má tilẹ̀ sọ pé a fẹ́ fi gún bàbá náà fúnra rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kéékèèké máa lò ó, kí ẹ máa lo ti àtijọ́," mo ní.

"Bí mo bá ń lo ti àtijọ́, ta ni nínú wọn tó máa lo tuntun? Ẹ ẹ̀ mọ̀ wọ́n ni?"

"Kí ẹ wá máa lo òsì."

"Lójú Aáfà?"

 Aáfà ni bàbá arúgbó kan tí ibùsùn wọn wà lẹ́nu ọ̀nà. Olùkọ́ kéwú ni wọ́n, ìdajì àwọn tó ń wá kí aláìsàn ní wọ́ọ̀dù náà ló ti jókòó síwájú wọn rí. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gba abẹ́rẹ́. Ohun tí Aáfà bá wí láàárọ̀, ó ti dé Gàmbàrí kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí Aáfà bá ní wọ́n ń na òsì sí àgbà ní wọ́ọ̀dù yìí, ó parí.

Mátíróònù kó ọsàn rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Lójijì ló gbójú sí mi. "Búọ̀dá Jímọ̀. Ẹ̀kẹta yín ńkọ́?"

Ikọ́ gbé mi.

"Ẹ wá gbà á lọ́la."

Ní ọjọ́ kejì, ó ní kí n wọ yàrá wá. Mo ní rárá, inú wọ́ọ̀dù ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Aáfà. Ẹnu mi ló sọ ọ́. Ẹsẹ̀ mi kò gbọ́ sí i. Mo jókòó sórí àga, mo ká apá bùbá mi. Mátíróònù fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ tuntun, ó fi òwú tútù nù mí lápá. Ọ̀tún ni abẹ́rẹ́ wà.

"Ẹ fi òsì gún mi," mo ní.

 Ọkùnrin kan tó ń mu ògì dá ṣíbí dúró lẹ́nu. Aáfà gbé orí kúrò lórí tẹ̀súbáà wọn.

"Jímọ̀."

"Mo wà ńbí, Aáfà."

"Kí ni mo gbọ́ yẹn? Ìwọ lo dàgbà, tàbí òun?"

"Èmi ni."

"O sì ní kó na òsì sí ọ."

Ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n ni mo ti tò sílẹ̀ láti àná. Gbogbo rẹ̀ ti fò lọ. Abẹ́rẹ́ náà ni mò ń wò. "Aáfà, òsì ni ọwọ́ rẹ̀ tó dá ṣáṣá. Bí ó bá fi ọ̀tún gún mi, àpọ́nlé ni, ṣùgbọ́n á pẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí, Aáfà. Mi ò lè dúró de àpọ́nlé."

Ọlọ́gì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Aáfà kò rẹ́rìn-ín, wọn kò sì sọ pé rárá. Mátíróònù pààrọ̀ ọwọ́. Mo dijú, mo bẹ̀rẹ̀ Fátíhà. Mi ò tíì dé ìdajì rẹ̀ tí mo gbọ́ ká.

"Ṣé ẹ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni?" mo bi í.

"Mo ti parí."

Gbogbo wọ́ọ̀dù ló rí i bí abẹ́rẹ́ ṣe wọ ilé rẹ̀. Àfi èmi tí mo ti ń gbàdúrà pé kí ó wọ̀ ọ́.

"Gbé e wá," Aáfà wí. Mátíróònù gbé e súnmọ́ wọn. Wọ́n wo ike náà dáadáa. "Kò lè jáde mọ́?"

"Kò lè jáde mọ́, Aáfà."

"Ẹni tó ń kó ìdọ̀tí kò ní fara gbá?"

"Tìtorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Òun àti àwa nọ́ọ̀sì."

Aáfà kọjú sí mi. "Ṣé ìwọ kọ́ ni Jímọ̀ tó pín babaríga?" Ẹ̀rín bú. Mo ti sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ dé Gàmbàrí. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, wọ́n ní, "Ọ̀tún la fi ń jẹun. Òsì la fi ń fọ ẹ̀gbin kúrò lára kí a tó lọ kírun. Àìsàn tó wà lára mi yìí, ṣé oúnjẹ ni, tàbí ẹ̀gbin?"

Aáfà ká apá aṣọ wọn.

Wọ́n na apá. "Ó yá, ọmọ mi. Fi òsì fọ̀ ọ́ kúrò."

Mátíróònù mú abẹ́rẹ́ tuntun míràn. Ó fa oògùn míràn, ó gún Aáfà, ká. Ọwọ́ tí wọ́n ti dì mọ́ ọn lẹ́yìn láti ìgbà ọmọge rẹ̀, ó jáde síta lọ́jọ́ yẹn.

Mi ò ní sọ pé gbogbo nọ́ọ̀sì ló gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Sístà Bọ́sẹ̀ ṣì kùn fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ó fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Mátíróònù ránṣẹ́ pe obìnrin ọ́fíìsì padà láti wá fi hàn wọ́n bí oògùn kò ṣe ní ṣẹ́kù. Nígbà tí oṣù pé, wọn kò kó páálí náà lọ. Ó dáa bí mo bá sọ òótọ́: ìgbà mìíràn wà tí tuntun á tán, tí wọn á tún kó ti àtijọ́ wá fún wa. Nírú ìgbà bẹ́ẹ̀, igi ìgbálẹ̀ mi á tún jáde. Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì náà ni wọ́n ń béèrè tuntun nígbà yẹn, kì í ṣe èmi mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Bí ìyàwó mi bá kó aṣọ tó fọ̀ fún mi, mo ṣì máa ń fọwọ́ lù ú kí n tó gbé e. Ó ní ejò kò sí nínú ìró òun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orúnkún yìí gbé mi lọ sí kílíníìkì kan ní Fate, wọ́n ní wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ mi wò. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gbà á, ọmọdébìnrin ni. Ó fa àga mọ́ra, ó wojú mi.

"Bàbá, ẹ má bínú. Òsì ni mò ń lò."

"Òsì gan-an ni mo wá bá," mo sọ fún un.

Ó rẹ́rìn-ín. Kò mọ ohun tí mò ń sọ. Mo pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí, mo máa wò ó. Abẹ́rẹ́ wọlé, ó jáde, àtàǹpàkò òsì rẹ̀ tì í, ká, ó wọ ilé rẹ̀, ọmọ náà sì jù ú sínú páálí yẹ́lò. Mo rí gbogbo rẹ̀. Ojú kan ni mo fi rí i o. Ìkejì wà ní dídì.